Tọ́másì Ò Bá Òyìnbó Dé Kerala

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sílé ìwé girama láàárín ọdún 1970 sí 1985, ṣé ẹ rántí tíṣà ará Íńdíà tó ń kọ́ wa ní ìṣirò? Thomas tàbí Mathew lorúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èrò wa ni pé òyìnbó ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Rárá o!

Kerala, ní gúúsù Íńdíà, ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ohun tí wọ́n ń sọ fọ́mọ níbẹ̀ ni pé Tọ́másì, àpọ́sítélì tó ní àfi bóun bá fìka kan àpá ìṣó, ló gúnlẹ̀ sí Kodungallur, èbúté kan ní Kerala, lọ́dún 52. Ìtàn àtẹnudẹ́nu nìyẹn. Àmọ́ àwo bàbà kan wà tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí, tó ti wà láti ọdún 849. Ayyan Atikal, aláṣẹ ilẹ̀ Venad, ló fi ta ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Kollam lọ́rẹ ilẹ̀, tó tún fa òṣùwọ̀n ọjà lé wọn lọ́wọ́. Ẹ ò rí i pé wọ́n fọkàn tán wọn! Àwọn ẹlẹ́rìí kọ orúkọ wọn sí i ní lẹ́tà Lárúbáwá, ti Páṣíà àti ti Hébérù: Mùsùlùmí àti Júù ń jẹ́rìí sí ẹ̀bùn ṣọ́ọ̀ṣì.

Níbòmíì ní Íńdíà, bíi Goa, Pọtogí ló gbé ẹ̀sìn Kírísítì dé. Ní Nagaland, àwọn Baptist ará Amẹ́ríkà ni. Ti Kerala yàtọ̀. Èdè Síríákì, èdè àtijọ́ kan láti Ìlà Oòrùn Ayé, ni wọ́n fi ń jọ́sìn, Páṣíà ni bíṣọ́ọ̀bù wọn ti ń wá, kí Vasco da Gama, atukọ̀ Pọtogí, tó dé lọ́dún 1498.

Àwọn Pọtogí ní ìsìn àwọn ará Kerala yìí ò tọ̀nà. Lọ́dún 1599, Aleixo de Menezes, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Goa, pe ìpàdé ìjọ sí Diamper ní Kerala, wọ́n sì pàṣẹ kí wọ́n dáná sun ìwé Síríákì tí wọ́n kà sí ẹ̀kọ́ òdì. Ó ń dùn mí títí dòní. Ta ló mọ ohun tó bá iná yẹn lọ?

Ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 1653, omilẹgbẹ èèyàn péjọ síwájú àgbélébùú kan ní Mattancherry, kí wọ́n lè fọwọ́ kàn án, kí wọ́n sì búra pé àwọn ò ní tẹrí ba fáwọn Jésúìtì, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, mọ́. Èrò pọ̀, ọwọ́ ò tó o. Ni wọ́n bá so okùn mọ́ ọn, wọ́n nà án jáde sáàárín èrò, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá náà rí okùn dì mú. Wọ́n ní ńṣe ni àgbélébùú náà tẹ̀. Àgbélébùú Wíwọ́ ni wọ́n ń pè é títí dòní.