Chips Yín Ti Kù Díẹ̀? Ẹ̀yin Ni Kẹ́ ẹ Kọ́kọ́ Tì

Ẹ wo tábìlì yìí dáadáa. Lágèrè la wà, nílùú Ilé-Ifẹ̀, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bọ̀ọ̀dá kan tó ń tún fóònù ṣe. Èèyàn mẹ́jọ ló jókòó, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, póókà ni wọ́n sì ń ta, Texas Hold'em, èyí tí wọ́n ti ń pín káàdì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á sì ṣí márùn-ún sáàárín fún gbogbo wọn. Chips, àmì tó dúró fún owó, ni wọ́n fi ń ta, kò sówó nílẹ̀ o, kí ìyá ẹnikẹ́ni má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mi wá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ló máa ra súyà fẹ́ni tó bá jẹ. Blinds, ìyẹn chips tí èèyàn méjì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì, ti dé 500 àti 1,000; ẹni tó ń san 1,000, tí wọ́n ń pè ní big blind, sì tún ń san ante, àfikún 1,000, fún gbogbo tábìlì. Bọ̀bọ́ tó dé fìlà yẹn, chips 9,000 péré ló kù níwájú ẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í ní 60,000, ó sì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí ló yẹ kó ṣe?

Kó kọ́kọ́ gbàgbé pé 9,000 ni. Kó fi big blind pín in, ó di 9. Òǹkà yẹn ló yẹ kó wà lọ́kàn ẹ̀. Tó bá lé ní 25, àyè ṣì wà láti fi ọgbọ́n ṣeré. Tó bá ti wọ 15, àyè ti há. Tó bá wá di 10 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ohun méjì ló kù kí flop, ìyẹn káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣí sáàárín, tó jáde: yálà kó ju káàdì sílẹ̀, tàbí kó ti gbogbo ẹ̀ sáàárín. Kò sí pé ó ń raise, ìyẹn kó fi chips lé ohun tó wà nílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ mọ́. Ẹni tó ní 9,000, tó raise sí 2,500, tí wọ́n wá lé e tó sì ju káàdì nù, ó ti fi ohun tó ju ìdámẹ́rin ọrọ̀ ẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ láìrí nǹkan kan.

Wàyí o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé, "Màá dúró de káàdì gidi." Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí Paul Magriel gbé kalẹ̀, ará Amẹ́ríkà tó mọ backgammon àti póókà dunjú. M ni wọ́n ń pè é, látara orúkọ ẹ̀. Ẹ ro blinds àti ante pọ̀, kẹ́ ẹ fi pín chips yín. Tiwa níbí, 500 àti 1,000 àti 1,000 jẹ́ 2,500. Tẹ́ ẹ bá fi pín 9,000, ẹ ó rí 3.6. Ìyẹn ni pé tábìlì yí po ní ẹ̀ẹ̀mẹta àti ààbọ̀, ó ti jẹ gbogbo ẹ̀ tán bí bọ̀bọ́ yìí bá ń fọwọ́ lẹ́rán. Èèyàn mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, nítorí náà, kò ní rí tó ìgbà 30 tí wọ́n máa pín káàdì fún un. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 221 ni Ace méjì máa ń wá. Káàdì méjì tó bára mu, èyíkéyìí nínú wọn, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 17. Káàdì gidi tó ń dúró dè lè má dé títí tí súyà á fi jinná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ti gbogbo chips ẹ̀ sáàárín ní ọ̀nà méjì láti jẹ: káàdì ẹ̀ lè dáa jù, tàbí kí àwọn yòókù ju tiwọn sílẹ̀. Ẹni tó bá call, ìyẹn tó fi iye kan náà bá a, ọ̀nà kan péré ló ní: kí káàdì ẹ̀ dáa jù.

Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ báyìí. Gbogbo àwọn tó ṣáájú ti ju káàdì nù. Bọ̀bọ́ onífìlà wà lórí button, ìjókòó tó ṣáájú àwọn tó san blinds, nítorí náà èèyàn méjì yẹn péré ló kù lẹ́yìn ẹ̀. Ó yọjú wo káàdì ẹ̀: King àti 9, spade méjèèjì. Káàdì tí èèyàn ò ní fi yangàn. Ó tì í.

Ká ní nínú ìgbà mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹfà làwọn méjèèjì máa sá. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá sá, ó di 11,500. Ẹ̀ẹ̀mẹrin yòókù, ká ní big blind ló call, pẹ̀lú káàdì tó dáa ju tiẹ̀, bí Ace àti Jack. Kódà nígbà yẹn, King àti 9 máa ń jẹ tó 40 nínú 100, ohun tó sì wà láàárín ti di 19,500: 9,000 lọ́nà méjì, 500 àti ante 1,000. Ìpín tiẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ 7,800. Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ fi mẹ́wàá pín in: 10,020. Tó bá sì ju káàdì sílẹ̀, 9,000 rẹ̀ náà ni.

Ká wá ní ẹlòmíì ló ti kọ́kọ́ ti tiẹ̀ kó tó kàn án ńkọ́? King àti 9 yẹn kan náà, kó jù ú nù. Kò sẹ́ni tó máa sá fún un mọ́.

Ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kéèyàn jẹ́ kó jó rẹ̀yìn títí tó fi ku 3,000. Tẹ́ ẹ bá ti 3,000, ó di 5,500 láàárín, 2,000 péré ni big blind máa fi kún 1,000 tó ti san, kó lè jẹ 7,500. Tí big blind bá lè jẹ ìgbà 27 nínú 100, kò pàdánù. Ṣé ẹ mọ̀ pé 7 àti 2, ìdọ̀tí káàdì yẹn, máa ń jẹ Ace àti King bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹta? Ta ló fẹ́ sá? Àwọn kan á ní Jack Straus, ará Amẹ́ríkà tó ń ta póókà, ku chip kan ṣoṣo ní World Series of Poker, ìdíje póókà ńlá, lọ́dún 1982, tó sì tún gba ife-ẹ̀yẹ. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìtàn yẹn ti kó bá ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn tó ku chip kan tí wọ́n sì lọ sílé, ta ló ń pìtàn wọn?

Tẹ́ ẹ bá wà ní ìjókòó àkọ́kọ́ tí èèyàn méje kù lẹ́yìn yín, káàdì yín gbọ́dọ̀ le sí i. Tó bá sì jẹ́ ìdíje tó ní ẹ̀bùn, tó ku ẹnì kan kó jáde kẹ́ ẹ tó wọ ibi ẹ̀bùn, ẹ wo àwọn tí chips wọn kéré sí tiyín kẹ́ ẹ tó ta pútú.

Big blind ti call bọ̀bọ́ wa. Ace àti Jack lóòótọ́! Flop: 9, 4, 2. Turn, káàdì kẹrin: 6. River, káàdì ìkẹyìn: Queen. 9 méjì ló fi jẹ. 19,500 ti wọlé o! Ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ti dákẹ́. Àmọ́ aago ti dún, blinds ti di 600 àti 1,200. Ẹ tún un pín: 16 àti díẹ̀. Ó ti lè raise sí 2,500 báyìí, kó sì ju káàdì sílẹ̀ bí ẹnì kan bá ti gbogbo tiẹ̀ lé e lórí.