Ibi Tí Wọ́n Ti Ń To Àlòkù Irin Ni Jàǹbá Ìléru Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n sọ bí a ṣe ń fi induction furnace, ìyẹn ìléru tó ń lo iná mànàmáná, yọ́ irin láìṣe ara ẹni léṣe, láìfi owó iná ṣòfò. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n orí àlòkù ni n óò máa padà sí.

Irin tí a fẹ́ dà ti lé ní 1,600°C. Ife omi kan péré tó bá há sábẹ́ rẹ̀ yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì fẹ̀ tó ìlọ́po 1,600. Òkè nìkan ló lè gbà jáde, òkè yẹn sì ni ojú yín wà. Ẹ̀yin ará Ògíjó àti Ìkòròdú, ẹ mọ bí òjò tibí ṣe ń rọ̀: ẹ kó àlòkù sábẹ́ òrùlé. Èyí tí omi bá ti kàn, ìsàlẹ̀ ìléru òfìfo ni kó wà, kì í ṣe orí irin tó ti yọ́.

Ohunkóhun tó bá dé ní dídí pa, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀: sílíńdà gáàsì, ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ firíìjì, páìpù tí wọ́n tẹ̀ lẹ́nu pa. Ẹ má gbé iná gé e. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u ni kó ṣí i. Àwọn kan á ní ó ti ṣófo. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀, tí ìgbóná yóò mú fẹ̀, ńkọ́?

Bátìrì náà ńkọ́? Òjé inú rẹ̀ ń yọ́ ní 327°C, ó sì wúwo ju irin lọ. Yóò rì, yóò wọ ojú ihò ògiri ìléru, títí yóò fi kan páìpù bàbà tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Omi á pàdé irin yíyọ́; ẹ ti mọ ìyókù. Irin tó ti dógùn-ún náà ń jẹ ògiri silica, ìyẹn yanrìn tí a fi mọ inú ìléru, ó ń sọ ìdàrọ́, ìdọ̀tí tó ń léfòó lórí irin yíyọ́, di púpọ̀, ó sì ń jẹ iná.

Ní ti owó iná, àwọn tó ń ta ẹ̀rọ á ní kí ẹ ra èyí tó lágbára sí i. Wọ́n fẹ́ jẹun ni. Ní ìṣirò, tọ́ọ̀nù irin kan kò ju nǹkan bí 400 kWh (ìwọ̀n iná mànàmáná tí a lò) lọ. Nílé iṣẹ́, 550 sí 650 la sábà ń rí. Ẹnu ìléru tí wọn kò dé wà lára ohun tó jẹ ìyàtọ̀ yẹn. Ẹ dé e!

Ọ̀gá kan béèrè láti ẹ̀yìn: “Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí ìléru kún ńkọ́?”

Ẹ ṣeun, sà. Pọ́ǹpù omi tó ń mú ìléru tutù ló máa kú, ògiri yóò sì máa gbóná fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ gbé tánkì sókè, kí omi rẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀, kí ẹ sì máa dán an wò. Bí iná bá pẹ́ kó tó dé, ẹ da irin náà sínú kòtò gbígbẹ kó tó dì. Bí ojú rẹ̀ bá ti dì, kí ẹnikẹ́ni má dúró nítòsí. Ẹ tẹ ìléru sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí irin yíyọ́ ìsàlẹ̀ lè kan èyí tó dì, kó dá ihò lu sí i, kí ẹ tó fún un níná, díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àlòkù tó há sókè bí afárá: ẹ pa iná, ẹ má fi ọ̀pá gún un, ẹ má sì kó òmíràn lé e.

Àkókò ti tán. Aago tó ń dún bí iná mànàmáná bá ń jò sílẹ̀, ẹ má so ó pa. Ẹ má wọ aṣọ ọ̀rá. Ṣíbí ìyẹ̀wò àti ọ̀pá tí ẹ fi ń kó ìdàrọ́, ẹ yan wọ́n gbẹ kí wọ́n tó kan irin. Omi ara ọ̀pá kì í ṣe omi mìíràn.