Owó tó sùn ní báńkì: bí wọ́n ṣe ń ka èlé orí àkáǹtì savings

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwa oníṣòwò Yorùbá ní Kubwa, Àbújá)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ti ìsọ̀ lọ́sàn-án gangan kí ẹ lè wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Hausa la fi ń ná ọjà níbí, ṣùgbọ́n Yorùbá la máa fi ka owó lónìí.

Ìbéèrè tí ẹ ní kí n wá dáhùn kò gùn: kí ló dé tí èlé tí báńkì ń san kì í bá ìṣirò orí wa mu? Ohun kan wà tó yẹ kí n kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. Iye èlé tí báńkì bá pè fún yín, ti ọdún ni, kì í ṣe ti oṣù. Ẹni tó gbọ́ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, tó wá ń retí 8,000 náírà lórí 100,000 ní òpin oṣù, á kàn bá òṣìṣẹ́ báńkì jà lásán ni.

Báńkì Àpapọ̀, CBN, tí ilé gogoro rẹ̀ wà ní Central Area, ní iye èlé kan tí àwọn èlé yòókù ń tẹ̀ lé. MPR ni wọ́n ń pè é. Tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé CBN tún ti gbé èlé sókè, òun ni wọ́n ń sọ. Àṣẹ CBN ni pé èlé orí savings kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún MPR. Ìgbà kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, wọ́n já a wálẹ̀ sí ìdá 10 péré nínú ọgọ́rùn-ún MPR, MPR fúnra rẹ̀ sì di ìdá 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún nínú oṣù yẹn kan náà. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: báńkì lè san ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún owó yín fún ọdún kan gbáko, kò sì rú òfin kankan. Inú mi ò dùn sí i nígbà yẹn, kò sì tíì dùn sí i. Oṣù Kẹjọ 2022 ni wọ́n dá a padà sí 30. Nígbà tí MPR di 27 ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ìdá 30 rẹ̀ wá jẹ́ 8.1. Iye yẹn ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí MPR bá ti yí, kí ẹ̀yin náà yí i.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń kà á. Báńkì kì í wo iye tó wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kìíní oṣù, kì í sì í wo iye tó kù lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn. Alaalẹ́ ló ń wò ó. Bí iṣẹ́ ọjọ́ bá ti parí, kọ̀ǹpútà wọn á mú iye tó sùn sínú àkáǹtì, á wá ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, á pín in sí ọ̀nà 365, á kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ṣe lọ́la àti lọ́tùn-únla. Òpin oṣù ló tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí alert á fi dún. Lórí 100,000, ohun tó ń wọlé lóru kan kò ju 22 náírà àti kọ́bọ̀ 19 lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó ń kó àlùbọ́sà láti Aliero ní Kebbi. Ó ní 300,000 nínú savings lọ́jọ́ kìíní oṣù tó ní ọgbọ̀n ọjọ́. Lọ́jọ́ kọkànlá, ó yọ 200,000 láti fi ra ọjà. Ọjà tà, ó sì dá 200,000 náà padà lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Lójú tiẹ̀, 300,000 ló bẹ̀rẹ̀ oṣù, 300,000 ló parí rẹ̀, nítorí náà èlé rẹ̀ yẹ kó sún mọ́ 2,000. Ohun tí kọ̀ǹpútà rí yàtọ̀: 300,000 sùn ní òru mẹ́wàá, 100,000 sùn ní òru mẹ́tàdínlógún, 300,000 tún sùn ní òru mẹ́ta. Èlé gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,242 náírà àti kọ́bọ̀ 74. Ká ní kò fọwọ́ kàn án ni, 1,997 ni ì bá gbà. Ẹnikẹ́ni ò jà á lólè. Owó rẹ̀ ló wà lójú ọ̀nà Kebbi.

Ìdí nìyẹn tí owó tó bá wọlé láàárọ̀ tó sì jáde kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú kì í fi í mú kọ́bọ̀ wá. Ìdí nìyẹn náà tí Sátidé àti Sọ́ńdè fi ń mówó wọlé bí ilẹ̀kùn báńkì tilẹ̀ wà ní títì. Ṣẹ́ẹ̀kì ní tiẹ̀ kì í mú èlé wá, àfi ìgbà tó bá ti di owó gidi.

Ewu tó wà fún àwa ọlọ́jà ni iye ìgbà tí a ń yọwó. Ìlànà CBN lórí owó tí báńkì ń gbà gbà wọ́n láyè pé bí oníbàárà bá yọwó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóṣù kan, èlé oṣù náà lè lọ. Alájọ, ẹ mọ tiẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: owó ọjọ́ kan ni yóò mú. Tirẹ̀ ṣe kedere ju ti báńkì lọ, mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Ẹ má fi káàdì savings ra tòmátì àti epo ọkọ̀. Ẹ ní àkáǹtì kan tí ẹ ó máa ná, kí èkejì sinmi.

Láti inú èlé tó bá wá wọlé, wọ́n á yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún gẹ́gẹ́ bí owó orí ìjọba. Nínú 1,242 wa yẹn, 1,118 ló délé. Owó káàdì, 50 náírà lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, àti owó SMS, wọn kò sí nínú ìṣirò èlé, ṣùgbọ́n inú àkáǹtì kan náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹni tí 5,000 rẹ̀ wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, kó má retí kó pọ̀ sí i púpọ̀.

Ìyá kan béèrè bóyá èlé náà ń bí èlé. Ó ń bí i, nítorí èyí tó wọlé lóṣù yìí á bá owó sùn lóṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n lórí 100,000, ohun tó fi kún un lọ́dún kan kò ju nǹkan bíi 300 náírà lọ.

Ǹjẹ́ ó tó? Kò tó. Ní oṣù Kejìlá 2024, ìṣirò ìjọba ní ọjà ti fi ìdá 34.80 gbówó lórí láàárín ọdún kan. MPR ìgbà náà jẹ́ 27.5, tó túmọ̀ sí pé báńkì lè san 8.25 péré láìrú òfin. Owó tí ẹ lè nílò lójijì ló yẹ kó wà ní savings. Èyí tí ẹ fẹ́ kó dàgbà, ẹ wá ibòmíràn fún un.

Alhaji kan níwájú ní òun kì í gba èlé rárá. Kò burú. Jaiz Bank, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá yìí, ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù Kìíní 2012 láìsí èlé. Lábẹ́ àdéhùn tí wọ́n ń pè ní mudarabah, wọn kì í ṣèlérí iye kankan fún yín. Wọ́n á fi owó yín ṣòwò, ẹ ó sì pín èrè ní ìwọ̀n tí ẹ ti jọ fẹnu kò sí. Bí òwò náà bá fi orí sọlẹ̀ láìjẹ́ pé báńkì ṣe àìbìkítà, ẹni tó lówó ló máa ru àdánù. Ẹ bi wọ́n ní ìwọ̀n náà kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ẹni tó wà lẹ́yìn tó ní èlé òun kò wọlé rí: ẹ gba statement oṣù mẹ́ta, kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹ yọwó lóṣù kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ, ẹ kọ̀wé sí báńkì, kí ẹ sì gba nọ́ńbà tí wọ́n fún ẹ̀sùn náà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò yanjú ẹ̀, ẹ gbé ìwé kan náà lọ sí ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà ní CBN.