Bí Ọmọ Yín Bá Ń Lọ Ju Bọ́ọ̀lù ní Kòríà

Ẹ kú dédé àsìkò yìí o, ẹ̀yin ọmọ Líṣàbi nílé lóko, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ mí lọ́kàn lọ́sẹ̀ yìí ni ti àwọn ọmọ wa tó ń fi bésíbọ́ọ̀lù jẹun, pàápàá àwọn ajubọ́ọ̀lù, àwọn tó máa ń dúró lórí òkìtì láàárín pápá. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá tẹ ilé láago pé òun ń fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ lọ sí Kòríà tàbí Japan, inú àwọn ará ilé kì í dùn. Àwọn àgbà ní Ìtọ́kọ̀ á máa bi ara wọn léèrè bóyá wọ́n lé e níbi iṣẹ́ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ yẹn rí ibi tí wọ́n ti máa sanwó gidi fún apá rẹ̀ nígbà tí agbára ṣì wà níbẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹgbẹ́ 30 ló wà nínú líìgì ńlá Amẹ́ríkà, èèyàn 26 ni kóówá sì ń lò fún èyí tó pọ̀ jù nínú sáà. Lọ́dún 2025, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù níbẹ̀ ń gba 760,000 dọ́là. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní àtẹ̀gùn kan péré nísàlẹ̀, ní Triple-A, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àwọn 40 tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ sílẹ̀, 35,800 dọ́là lọ́dún ni ìbẹ̀rẹ̀ owó tí àdéhùn 2023 fún un. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ajubọ́ọ̀lù ọlọ́dún 27, 28 há sí: wọ́n ti dára kọjá ìsàlẹ̀, àyè kò sì ṣí lókè. Ẹgbẹ́ 10 ló wà ní Kòríà, àyè àjèjì 3 ni wọ́n fún kóówá, kí wọ́n tó fi ẹyọ kan kún un lọ́dún 2026 fún ọmọ Éṣíà tàbí Australia. Àjèjì tó ń lọ síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lè gbà tó 1,000,000 dọ́là, àmọ́ owó ìbuwọ́lùwé àti owó tí wọ́n san fún ẹgbẹ́ tó ti ń bọ̀ wà nínú iye yẹn.

Merrill Kelly kò tíì ju bọ́ọ̀lù kan rí nínú líìgì ńlá nígbà tó lọ bá SK Wyverns ní Kòríà lọ́dún 2015. Ọdún 4 ló lò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Arizona ní líìgì ńlá gbà á lọ́dún 2019, nígbà tó sì di 2023, òun ló wà lórí òkìtì nígbà tí Arizona borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì World Series, ìdíje àṣekágbá líìgì ńlá. Erick Fedde lo ọdún kan péré, 2023, ní NC Dinos ní Kòríà: ó borí nígbà 20, wọ́n fi í ṣe àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù líìgì náà, Chicago White Sox sì fún un ní 15 mílíọ̀nù dọ́là fún ọdún méjì. Tayler Scott, ọmọ Johannesburg, ni ajubọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n bí nílẹ̀ Áfíríkà tó dé líìgì ńlá, lọ́dún 2019. Lọ́dún 2020, Hiroshima ní Japan ló ti ń jẹun. Ọ̀nà yẹn kò jìnnà sí wa rárá.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Ọ̀pọ̀ ló lọ tí wọ́n padà wálé kí sáà tó dé àárín, torí pé iṣẹ́ náà yàtọ̀ nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ẹ wo bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Ó wọ̀n láàárín gíráàmù 142 sí 149, bíi ọsàn kan tí wọ́n ti bó. Òwú pupa ni wọ́n fi rán awọ rẹ̀, ojú rírán 108. Ajubọ́ọ̀lù á na ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín kọjá lórí ojú rírán yẹn, á fi àtàǹpàkò gbè é nísàlẹ̀, á sì fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín bọ́ọ̀lù àti àtẹ́lẹwọ́. Orí ìka méjèèjì yẹn ló ń kúrò lára bọ́ọ̀lù gbẹ̀yìn, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti ń gba yíyí tó fi ń tẹ̀ tàbí tó fi ń já wálẹ̀. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà máa ń yọ̀. Ẹrẹ̀ kan tí wọ́n ń kó létí odò Delaware ni wọ́n fi ń pa á kí wọ́n tó lò ó. Ti Japan kéré díẹ̀, ó sì ti máa ń di ìka mú láti inú páálí. Ẹni tó ń lọ kì í ní wàhálà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó ń padà bọ̀ ni kó ṣọ́ra: bọ́ọ̀lù á máa yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, á wá máa fún un mọ́wọ́ jù, iṣan ìsàlẹ̀ apá á tètè rẹ̀, ìgúnpá ló sì máa ru ẹrù tó kù. Kó ti gbé bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà dání láti oṣù Kejìlá, kó má dúró de ìgbà tí wọ́n bá ṣí àgọ́ ìgbaradì fún sáà.

Òkìtì náà ga ní ínṣì 10, ó sì jẹ́ mítà 18.44 sí ibi tí onígi, ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, dúró. Ẹ wọ̀n ọ́n nínú ọgbà yín, ẹ ó rí i pé kò kéré. Amọ̀ líle ni ti Amẹ́ríkà. Ní Japan, ọ̀pọ̀ òkìtì ló ti máa ń rọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú á rì tàbí kó sún díẹ̀ nígbà tó bá balẹ̀, ọwọ́ á pẹ́ dé, bọ́ọ̀lù á ṣí sókè, onígi á sì gbá a kọjá ògiri. Kó gé ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀, kó sì wá bàtà tí eyín abẹ́ rẹ̀ gùn sí i.

Àwọn onígi ibẹ̀ náà ní sùúrù. Bọ́ọ̀lù tí wọn ò lè gbá dáadáa, wọ́n á máa gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́, títí bọ́ọ̀lù 4 tó yẹ kó parí ọ̀rọ̀ á fi di 8. Bọ́ọ̀lù tó yára nìkan kò lè gba ajubọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní bọ́ọ̀lù kan tó ń já lójijì níwájú igi. Ní Kòríà, ẹ̀rọ ló ń pe bọ́ọ̀lù dáadáa àti búburú láti 2024, nítorí náà ọgbọ́n ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn onígi láti fi ọwọ́ fà á wọlé, kí adájọ́ lè pè é ní dáadáa, kò wúlò mọ́. Lọ́dún 2025, ìṣẹ́jú àáyá 20 ni wọ́n fún ajubọ́ọ̀lù níbẹ̀ láti ju bọ́ọ̀lù, 25 tí ẹnìkan nínú àwọn alátakò bá ti sá dé ibùdó.

Ní Japan, ajubọ́ọ̀lù 6 ló sábà máa ń pín ọ̀sẹ̀, ẹni tó jù lọ́jọ́ Ẹtì á tún jù lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Apá á sinmi, ó sì dára fún ẹni tó ti dàgbà díẹ̀. Ní Kòríà, èèyàn 5 ni, ẹni tó bá jù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló máa tún jù lọ́jọ́ Àìkú.

Ìwé àdéhùn ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fi ojú sí jù. Ẹ bi éjẹ́ǹtì pé èló ló dájú, èló sì ni ti àṣeyọrí, èyí tó máa wá tó bá borí iye báyìí. Ẹ bi í pé ta ló ń san owó ilé, ta ló ń san ògbufọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ìyàwó àti ọmọ ńkọ́? Èdè wo ni wọ́n máa tẹ̀ lé tí ìwé méjèèjì bá takora? Japan ń yọ 20.42 nínú ọgọ́rùn-ún gẹ́gẹ́ bí owó orí lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò kà sí olùgbé ibẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà náà ń retí ìwé owó orí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè ìgúnpá. Iṣan inú ìgúnpá ló sábà máa ń já lára ajubọ́ọ̀lù. Láti 1974 tí Dókítà Frank Jobe ti ṣe é fún Tommy John, wọ́n sábà máa ń gba iṣan mìíràn níbi ọrùn ọwọ́ láti fi tún un ṣe, oṣù 12 sí 18 ni ẹni náà á sì fi jókòó. Ẹgbẹ́ kankan ní Kòríà kò ní fi àyè àjèjì ṣòfò bẹ́ẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ ni. Tí owó tó dájú bá kéré nínú ìwé, ìyà ọdún yẹn di ti ọmọ yín. Tí ó bá ní ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e ń kú tìpìrì, tàbí tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò bá yára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ láìnídìí, kó sọ fún dókítà kíákíá, kó má fi pamọ́ nítorí pé ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé òun.

Ẹ tún jọ̀wọ́, oṣù Kejì sí oṣù Kọkànlá ni Kòríà ń san owó oṣù. Oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, kò sí nǹkan kan, oṣù tí gbogbo ẹbí sì ń retí owó Kérésì nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ti ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó ka iye àpò ìrẹsì Ọ̀fadà.

Tí ẹ bá fẹ́ wò ó, wákàtí 8 ni wọ́n fi ṣáájú wa. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ní Kòríà, aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ ni lọ́dọ̀ yín, tí ọjà Kútọ̀ ti gbóná. Ẹ má pè é lọ́jọ́ tó máa ju bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n sábà máa ń sinmi. Tí ẹ bá pè é ní aago méjìlá ọ̀sán, aago mẹ́jọ alẹ́ ló jẹ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó ti jẹun tán, á lè dáhùn gbogbo ohun tí ẹ bá bi í.