Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìlù Dákẹ́ Láàárín Orin Méjì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olórin, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká yín wá síbí, mo kí yín. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí ẹni tí ń fi ẹ̀rọ ṣeré lójú agbo ṣe lè di òǹwòran mú nígbà tí orin kan ti parí tí òmíràn kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, kò yẹ kí irú àkókò bẹ́ẹ̀ wà rárá. Àwọn olórin ilẹ̀ wa ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ̀rọ tó dé, ó sì ń dùn mí pé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ òde àríyá wa ni àwọn ọmọ wa ti lọ kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́.

Ẹ wo eléré jùjú tàbí onífújì ní òde ìnáwó ní Ìbàdàn níbí. Orin ń yí padà, ṣùgbọ́n ìlù kì í dúró. Ní ayé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù pàápàá, àwọn eléré jùjú a máa to orin bí i mélòó kan sí ojú kan àwo, tí yóò máa lọ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 tàbí 20 láìsí àlàfo kankan. Ohun tó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe wà nínú bí a ṣe pín iṣẹ́ fún àwọn ìlù. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, gúdúgúdú, kẹríkẹrì àti ìsáájú ni wọ́n ń di ìró kan mú láìyẹsẹ̀, àti nítorí pé wọn kò kúrò lójú kan ni ìyáìlù fi láyè láti sọ̀rọ̀, láti ki ènìyàn, láti sọ orin kan kalẹ̀ kí ó sì gbé òmíràn. Iṣẹ́ gúdúgúdú àti ìsáájú ni ẹ̀rọ iwájú yín ń ṣe. Ẹ̀yin fúnra yín ni ìyáìlù. Ẹni tí ó bá pa ẹ̀rọ rẹ̀, tí ó tẹrí ba, tí ó ń wá orin tó kàn nínú kọ̀ǹpútà, ti lé gbogbo ìlù tó kù kúrò lójú agbo.

Ọ̀pọ̀ yín ló ń lo Ableton Live, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe orin, tí ó kọ́kọ́ jáde láti Berlin ní 2001. Ó lè jẹ́ kí ègé ìlù kan máa yípo, kí ègé tuntun tí ẹ bá sì tẹ̀ dúró de ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo tó ń bọ̀ kí ó tó wọlé. Bí orin bá ń lọ ní ìró ìlù 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyípo tí ó ní ìró ìlù mẹ́rin ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 2, ìyípo 16 á sì fún yín ní ìṣẹ́jú-àáyá 32. Ẹ yọ ìlù abẹ́ tí ń dún kìjikìji kúrò, ẹ fi agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kí àwọn ènìyàn, ẹ dá orin kí wọ́n gbè é, kí ẹ tó dá ìlù abẹ́ padà.

Àwọn kan ń sọ pé ẹni tí ń tẹ bọ́tìnnì kì í ṣe olórin. N kò gbà fún wọn. Sunny Adé fi synthesizer, ẹ̀rọ tí ń ṣẹ̀dá ìró orin, sáàárín gángan àti gìtá nínú àwọn àwo tí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Island gbé jáde fún un láàárín 1982 sí 1984, jùjú ni wọ́n sì jẹ́ títí di òní. Àwọn tí mo ta kò jù ni àwọn tí ń sọ pé kí olórin ẹ̀rọ má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nítorí iṣẹ́ ọnà. Kraftwerk, ẹgbẹ́ olórin ẹ̀rọ láti Düsseldorf ní Jámánì tí wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí pèpéle, mọ̀ pé ó yẹ kí ènìyàn rí iṣẹ́ ọwọ́ olórin: ní ìparí eré wọn, wọ́n a máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí olúkúlùkù bá ti fi ẹ̀rọ tirẹ̀ dárà.

Wọ́n ti ń ṣẹ́wọ́ sí mi pé àkókò ti lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sáré. Bí ẹ bá ń kúrò nínú orin tó ń lọ ní ìró ìlù 112 láàárín ìṣẹ́jú kan bọ́ sínú èyí tó ń lọ ní 124, ẹ gbé ìyára sókè díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìlù nìkan ń dún. Ẹ má sì gbára lé iná. Ẹ mú ìlù gidi kan dání tí yóò di agbo mú títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi gbéra.

Ibẹ̀ ni bàbá onílù kan ti nàwọ́. Wọ́n ní, “Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Bí ìyá ìyàwó bá dìde lóde, ojú mi ló ń sọ fún ọwọ́ mi pé kí n kí wọn. Ẹ̀rọ yín kò lójú. Àwọn ọmọ yìí ti to orin wọn tán láti ilé. Ta ni wọ́n tò ó fún?”

Ìbéèrè yìí ni mo fi gbogbo àkókò tó kù dáhùn, nítorí ó jinlẹ̀ ju ohun tí mo kọ sílẹ̀ lọ. Ìlù tí kò dákẹ́ lè dá ènìyàn dúró, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun gan-an ni a ń bá wí. Mo ní kí olórin má to eré rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ó to ègé kéékèèké tí ó lè fà gùn tàbí gé kúrú bí ojú rẹ̀ bá ṣe rí agbo. Bàbá tún béèrè pé bí àwọn bá gbé ìyáìlù wá, ta ni yóò tẹ̀lé ẹnì kejì? Mo ní ẹ̀rọ ni kí ó tẹ̀lé wọn. Bọ́tìnnì kan wà nínú Ableton tí a ń fi ìka tẹ̀ bí ìlù ṣe ń lọ, tí ẹ̀rọ yóò sì gba ìyára náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ìyáìlù ṣeré, kí ó kọ́ bọ́tìnnì yẹn ṣáájú ohunkóhun, kí ó fún onílù ní gbohùngbohùn tirẹ̀, kí ó sì fi í jókòó níbi tí yóò ti máa rí ẹnu ọ̀nà.