Gbogbo gbèsè kọ́ ni fraud o

Ẹ ǹ lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ábújá níbí, Kubwa, Lugbe, Nyanya, àti ẹ̀yin ará Mararaba tẹ́ ẹ máa ń sọ fáwọn ará ilé pé Àbújá lẹ̀ ń gbé, a mọ̀ pé Nasarawa ni, kò burú.

Fraud la fẹ́ tú wò lónìí. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lẹ́nu wa mọ́: ẹni tó yáwó tí ò san, fraud, télọ̀ tó gba aṣọ Iléyá tí ò rán an títí ọdún fi kọjá, fraud, bọ̀bọ́ tó lóun máa fẹ́ lágbájá tó wá lọ fẹ́ ẹlòmíì, fraud lòun náà. Ẹ rọra o.

Kí òfin tó lè pe nǹkan ní jìbìtì, irọ́ ló kọ́kọ́ ń wá. Irọ́ yẹn gbọ́dọ̀ ti jáde kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹni tó pa á gbọ́dọ̀ mọ̀ pé irọ́ ni, irọ́ yẹn náà ló sì gbọ́dọ̀ mú yín yọwó. Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́ nípa nǹkan tó ti ṣẹlẹ̀ tàbí tó wà nílẹ̀ báyìí. "Màá san án lóṣù tó ń bọ̀" tí ò wá san, ìlérí tó yẹ̀ nìyẹn, òun nìkan ò tíì sọ èèyàn di gbájúẹ̀.

Ká ní èjẹ́ǹtì kan mú yín lọ wo ilé ní Lugbe, ó ní òun ni lánlọ́ọ̀dù gbé e fún, ẹ tiránsífà rẹ́ǹtì ọdún kan, ẹ kẹ́rù dé, ẹ wá bá èèyàn mẹ́ta míì lẹ́nu géètì pẹ̀lú rìsíìtì tiwọn, lánlọ́ọ̀dù lóun ò tiẹ̀ mọ èjẹ́ǹtì yẹn rí. Jìbìtì pọ́ńbélé! Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ lánlọ́ọ̀dù gan-an ló gbowó, tó ní òun á parí ilé kí Kérésì tó dé, símẹ́ńtì wá wọ́n, ilé ò parí, ẹ lè pè é lẹ́jọ́ kẹ́ ẹ gbowó yín, fraud kọ́, àfi tẹ́ ẹ bá rí i pé lọ́jọ́ tó gbowó yẹn ó ti ta ilé ọ̀hún fún ẹlòmíì.

419 tá a máa ń sọ ńkọ́? Nọ́ḿbà abala kan nínú Criminal Code ni, òfin tí wọ́n ń lò ní ìhà Gúúsù. Àbújá níbí, Penal Code tí Àríwá ti ń lò láti 1960 là ń lò, cheating ló pè é, abala 320 ló ṣàlàyé ẹ̀, 322 sì ní ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́ta tàbí owó ìtanràn tàbí méjèèjì. Nítorí náà gbájúẹ̀ Garki tá à ń pè ní 419, 419 yẹn ò sí nínú ìwé òfin tibí rárá, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àmọ́ kó má tíì yọ̀ o, òfin Advance Fee Fraud ti 2006 kárí gbogbo Nàìjíríà, ọdún méje sí ogún ni, kò sì sáyè owó ìtanràn.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ báńkì Brazil yẹn, Banco Noroeste, láàárín 1995 sí 1998. Gbájúẹ̀ kan, Emmanuel Nwude, pe ara ẹ̀ ní Paul Ogwuma, gómìnà CBN nígbà yẹn, ó sọ fún ará báńkì náà pé ìjọba fẹ́ kọ́ pápákọ̀ òfúrufú tuntun sí Àbújá, mílíọ̀nù 242 dọ́là owó báńkì ló bá a lọ. Pápákọ̀ òfúrufú yẹn, ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú ni, ṣùgbọ́n "èmi ni gómìnà CBN" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la. Nwude gbà pé òun jẹ̀bi lọ́dún 2005.

Ohun tó jẹ́ kí n máa ṣe wàhálà lórí èyí ni pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti jẹ lówó, EFCC ní Jabi ló ń sáré lọ. EFCC kì í bá èèyàn gba gbèsè o, Supreme Court ti sọ ọ́ lọ́dún 2018. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ pẹ̀tíṣọ̀n, ẹ kọ ohun tó sọ, ọjọ́ tó sọ ọ́, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ sanwó lẹ́yìn ẹ̀, ẹ fi chat WhatsApp àti voice note sí i. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe search ní AGIS, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Àbújá, kẹ́ ẹ mọ ẹni tó nilẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ kọ́bọ̀.