Ìbéèrè ló ń dá ilé dúró lọ́jà

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ìrọ́jú pẹ̀lú, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ní ilé lọ́jà lọ́wọ́lọ́wọ́, ọkàn wọn sì wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí títún ilé tò ṣe ń mú kó tètè tà. Ohun kan ni mo fẹ́ sọ, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí a ó fi dìde: ìbéèrè ló ń dá ilé dúró lọ́jà.

Ẹni tó wá wo ilé kì í sọ gbogbo ohun tó ń rò. Á máa rìn kiri, á wòkè, á wolẹ̀, á máa mirí. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń bèèrè. Níbo ni bẹ́ẹ̀dì mi máa wà? Kí ló ṣe ògiri yìí? Ṣé yàrá ló kéré ni, àbí ẹrù ló pọ̀? Bí ilé bá dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ló máa kàn. Bí kò bá dá a lóhùn, á ní òun máa padà wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ta ilé rí mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ yàrá kan. Ilé alájà kan ni, wọ́n kọ́ ọ dáadáa, ó sì ti pẹ́ lọ́jà kí onílé tó pè mí. Nígbà tí mo dé yàrá tó tóbi jù níbẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, ó ṣí dé ìdajì, ó kan nǹkan. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni. Bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún fẹ̀, wọ́n sì gbé kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ méjì tì í, débi pé ẹni tó bá fẹ́ dé ojú fèrèsé gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ rìn. N kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan nígbà tí ọkọ àti ìyàwó kan wá wo ilé náà. Mo dúró sí kọ̀rọ̀, mò ń wò wọ́n. Ọkọ ló ṣáájú. Ó ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kan bẹ́ẹ̀dì, ó bá fi èjìká wọlé. Ìyàwó kò tiẹ̀ wọlé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọrùn, ó yọjú wò ó, ó pẹ̀yìn dà. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni mo gbọ́ tó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Yàrá yẹn há jù."

Yàrá yẹn kò há! Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kejì: mítà 4.5 ní gígùn, mítà 4 ní ìbú. A kó kọ́bọ́ọ̀dù méjèèjì jáde. A gbé bẹ́ẹ̀dì ńlá yẹn kúrò, a fi èyí tó kéré díẹ̀ rọ́pò rẹ̀, a gbé e jìnnà sí ilẹ̀kùn, a sì rí i pé àyè tó tó sẹ̀ǹtímítà 75 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. A kò ra òdòdó, a kò kun ọ̀dà. Àwọn tó wá lẹ́yìn ìyẹn ń ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ń ṣí dé ògiri, wọ́n ń rìn tààrà lọ sójú fèrèsé, wọ́n ń dúró wo ìta. Ẹni kẹta nínú wọn ló rà á. Títí dòní, tí mo bá wọ yàrá, ilẹ̀kùn ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí tán.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ló sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ tó lórúkọ. Barb Schwarz ni wọ́n sábà máa ń pè ní ẹni tó dá a sílẹ̀, ní 1972. Ó ti mọ iṣẹ́ tíátà kó tó máa ta ilé, inú tíátà ló sì ti mú orúkọ tó fún un, home staging, bí ẹni ń to orí ìtàgé sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Èmi máa ń pè é ní ìpalẹ̀mọ́ ilé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìtàgé yẹn púpọ̀. Lórí ìtàgé, àga kì í ṣàdédé wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí àga, ẹnìkan ń bọ̀ wá jókòó. Ẹ wá wo pálọ̀ tiyín: àga mélòó ló wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé aṣọ tí wọn ò tíì ká ló ń jókòó lé e?

Ibí yìí ni ọ̀nà èmi àtàwọn kan nínú iṣẹ́ yìí ti pín. Wọ́n ti sọ ọ́ di òwò tìmùtìmù. Wọ́n á wa ọkọ̀ dé pẹ̀lú dígí, òdòdó oníke àti ìrọ̀rí. Mo ti rí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n to ìrọ̀rí mẹ́sàn-án lé. Ẹni tó wá wò ó dúró níwájú rẹ̀, ó bi mí pé, "Ibo ni wọ́n ń kó gbogbo èyí sí lálẹ́?" Wọ́n gba owó lọ́wọ́ onílé, wọ́n fi ra ìbéèrè tuntun fún un. Àwọn tó wà lódìkejì kò sàn jù wọ́n lọ, ìyẹn àwọn éjẹ́ǹtì àgbà tó máa ń ní ilé tó dáa á ta ara rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún iye ọdún tí wọ́n ti lò lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ilé kò lẹ́nu. Ohun tá a bá tò síbẹ̀ ló máa bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin éjẹ́ǹtì ti mọ ìwádìí tí National Association of Realtors, ẹgbẹ́ àwọn éjẹ́ǹtì ilé ní Amẹ́ríkà, máa ń gbé jáde, n kò ní kà á látòkèdélẹ̀. Nínú ti 2023, ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún éjẹ́ǹtì tó ń ṣojú olùrà ní ìpalẹ̀mọ́ ń mú kó rọrùn fún olùrà láti fojú inú rí ara rẹ̀ nínú ilé náà. Nínú àwọn tó ń ṣojú ẹni tó ń tà, ìdá 48 ní ó ń dín ọjọ́ tí ilé ń lò lọ́jà kù. Èrò àwọn éjẹ́ǹtì nìyẹn o, ẹ má gbàgbé. Ọ̀rọ̀ àwa tá à ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà ni.

Ẹ wá jẹ́ ká gbọ́ ti àwọn tí kò jẹun nídìí ẹ̀. Ní 2015, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Mark Lane, Michael Seiler àti Vicky Seiler, tẹ àbájáde àyẹ̀wò kan jáde. Wọ́n fi ilé kan náà han àwọn olùrà tó lé ní 800 lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n àwọ̀ ògiri àti ohun ọ̀ṣọ́ inú ilé tí àwùjọ kan rí yàtọ̀ sí ti àwùjọ mìíràn. Bí inú ilé bá ṣe rí ni ojú tí wọ́n fi wò ó ṣe ń yí padà, bóyá ó ṣe é gbé àbí kò ṣe é gbé. Iye owó tí wọ́n fẹ́ san ńkọ́? Kò yí padà. Àwọn tó ń ṣàtakò sí wa fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i, kò fi kọ́bọ̀ kún un." Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, torí pé ohun tí mo ti ń sọ fún àwọn onílé látọjọ́ yìí ló sọ. Mi ò ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni rí. Ọjọ́ ni mò ń bá wọn dín.

Ọjọ́ yẹn gan-an sì lówó lórí. Ìtàn kan wà láti Massachusetts, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Tẹ́lẹ̀, tí ilé bá ti pẹ́ lọ́jà níbẹ̀, éjẹ́ǹtì lè yọ ọ́ kúrò, kó tún un fi síta, kí òǹkà ọjọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ní oṣù kẹrin 2006, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé títà níbẹ̀ fòpin sí i. Nígbà tí àwọn olùwádìí mẹ́ta, Catherine Tucker, Juanjuan Zhang àti Ting Zhu, fi ibẹ̀ wé Rhode Island, ìpínlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí kò yí òfin tirẹ̀ padà, wọ́n rí i pé owó ilé wálẹ̀ ní Massachusetts, àwọn ilé tó ti pẹ́ jù lọ́jà ló sì wálẹ̀ jù. Ilé kan náà ni, yàrá kan náà, òrùlé kan náà. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé olùrà ti ń rí ọjọ́ náà, ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ sì ti di ìbéèrè: kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà á? Kò sí tìmùtìmù tó lè dáhùn ìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín pé kẹ́ ẹ palẹ̀ mọ́ kẹ́ ẹ tó gbé fọ́tò àkọ́kọ́ síta, kẹ́ ẹ má ṣe dúró kí oṣù mẹ́ta kọjá kẹ́ ẹ tó pe ẹni tó máa tún un ṣe.

Orí fọ́tò gan-an ni mo fẹ́ bọ́ sí nígbà tí bàbá kan nawọ́ láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní kí n má bínú. Wọ́n ní, "Ìyáàfin, ṣé kì í ṣe bí a ṣe ń bo àléébù mọ́lẹ̀ lẹ ń kọ́ wa yìí? Mo ra ilé kan lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù ìwé kan, ó ga dé àjà, wọ́n fi dí ògiri kan nínú pálọ̀. Ó rẹwà. Ìgbà tí wọ́n kó ẹrù wọn lọ ni mo rí i pé ògiri náà ń fa omi láti ìsàlẹ̀ dé ibi àyà mi."

Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo pa ìwé mi dé, torí ìbéèrè bàbá yìí tóbi ju ohun tó kù nínú ìwé náà lọ.

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀tàn ni wọ́n ṣe fún yín, bí ẹni tó ṣe é bá tiẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ bíi tèmi. Oríṣi ìbéèrè méjì ló wà nínú ilé. Ọ̀kan ni a lè fi ìtòlẹ́sẹẹsẹ dáhùn: ṣé tábìlì máa gba ibí yìí, ṣé ìmọ́lẹ̀ ń wọ ibí. Èkejì, ẹnu la fi ń dáhùn rẹ̀: ṣé òrùlé ń jò, ṣé ògiri ń fa omi, ṣé ilẹ̀ ń rì. Ẹni tó bá fi àga dáhùn oríṣi kejì ti kúrò nínú ìpalẹ̀mọ́. Òfin náà sì mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní California, ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Easton àti Strassburger, ilé ẹjọ́ dá a ní 1984. Wọ́n kọ́ ilé kan sórí ilẹ̀ tí wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ dí tí wọn ò tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó le dáadáa. Àwọn éjẹ́ǹtì ti rí i pé ilẹ̀ ilé àlejò tó wà níbẹ̀ kò tẹ́jú, wọ́n rí àwọ̀n tí wọ́n tẹ́ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, wọn kò sì sọ fún olùrà. Lẹ́yìn tó rà á tán ni ilẹ̀ ya lulẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní ó di dandan kí éjẹ́ǹtì yẹ ilé wò bó ṣe yẹ, kó sì sọ ohun tó bá rí.

Ohun tí èmi ń ṣe rèé. Tí mo bá rí àbàwọ́n omi, n kì í gbé ẹrù kankan síwájú rẹ̀. Mo máa sọ fún onílé pé kó wá ẹni tó máa wá orísun omi náà kó sì dí i. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà, orí tábìlì nínú ilé ìdáná la máa gbé e lé, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè kà á. Bó bá jẹ́ pé onílé kò lówó àtúnṣe, ká fi ògiri náà sílẹ̀ gbangba ká sì sọ ọ́. Ẹ lè rò pé ìyẹn máa lé olùrà. Àìmọ̀ ló ń lé wọn. Àléébù tí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n á ṣírò rẹ̀ mọ́ owó, wọ́n á sì rà á. Ohun kan náà ni fún fọ́tò tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kó àga sí nínú yàrá òfìfo: ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà ló ṣe é, ẹ má sì fi pa lílà ògiri rẹ́. Ẹ sọ fún ayàwòrán yín pẹ̀lú kó má lo awò tó ń mú yàrá fẹ̀ ju bó ṣe rí. Olùrà tó bá dé tó rí i pé yàrá kéré ju fọ́tò lọ, gbogbo ohun tí ẹ bá sọ lẹ́yìn ìyẹn ni á máa bèèrè pé ṣé òótọ́ ni.

Alága ti ń na aago sí mi. Ẹ jẹ́ kí n sáré. Ìmọ́lẹ̀: ẹ yẹ ara gílóòbù wò, nọ́ńbà kelvin, tó ń sọ bí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe máa rí, wà lára páálí rẹ̀, kí gbogbo gílóòbù yàrá kan jẹ́ ọ̀kan náà. Bí 2700 bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 6500, ògiri kan á dà bíi méjì tí wọ́n kun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òórùn: imú onílé ti mọ́ ti ilé rẹ̀ lára, kò lè gbọ́ ọ mọ́, nítorí náà ẹ pe ẹlòmíràn kó wá gbóòórùn rẹ̀. Ẹ má fín lọ́fínńdà, olùrà á máa ronú ohun tí wọ́n ń bò. Bówó bá kéré, pálọ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà yàrá ńlá, lẹ́yìn náà ilé ìdáná.

Ìbéèrè ìkẹyìn wá látọ̀dọ̀ arábìnrin kan tó ń gbé nínú ilé tó ń tà, òun àtàwọn ọmọ kéékèèké mẹ́ta. Ó ní ìpalẹ̀mọ́ òwúrọ̀ kì í dé ọ̀sán lọ́dọ̀ òun, kí ni òun lè ṣe tí yóò dúró? Mo ní kó ra apẹ̀rẹ̀ onídèérí kan sí pálọ̀, gbogbo ohun tó bá wà nílẹ̀ nígbà tí éjẹ́ǹtì bá pè, inú rẹ̀ ni kó kó o sí, kó gbé e sínú ọkọ̀, kí òun àtàwọn ọmọ sì jáde nílé, torí pé olùrà kì í ṣí kọ́bọ́ọ̀dù lójú onílé. Ní alẹ́ òní, kó lọ káàkiri ilé náà, kó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn títí dé ògiri. Èyí tó bá kan nǹkan, kó gbé nǹkan náà kúrò kó tó sùn.